Ta Ló Gba Etí Odò Lọ́wọ́ Wa?

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má sì bínú sí mi: ìgbà wo lẹ mú ìyàwó àti ọmọ yín rìn gba etí Odò Asa kẹ́yìn? Mi ò bi yín ní ìgbà tẹ́ ẹ gba orí afárá kọjá nínú mọ́tò, tẹ́ ẹ fi ọwọ́ di imú. Mi ò sì bi yín ní ìgbà tẹ́ ẹ lọ da nǹkan dànù síbẹ̀. Ìrìn ni mo wí, ìrìn gbẹ̀fẹ́ lásán, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí kò sí ohun tó ń lé e, tí àwọn ọmọ ń sáré lọ níwájú, tí àwọn àgbà ń tàkùrọ̀sọ bọ̀ lẹ́yìn, tí omi sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí mo bá kó èèyàn mẹ́wàá jọ ní Ọjà-Ọba láàárọ̀ ọ̀la, tí mo bi wọ́n léèrè, mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Àwọn ọmọdé inú wọn á ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀ rí. Àwọn àgbà á ní, “Nígbà tá a wà lọ́mọdé ni.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Mo ní wọ́n ti gba etí odò lọ́wọ́ wa, àwa fúnra wa sì wà lára àwọn tó gbà á. Mo ní ìlú tó bá kẹ̀yìn sí odò tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ara rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí. Mo sì ní dandan ni ká gbà á padà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni mo ń sọ, kó mú sùúrù kó kà á dé ìsàlẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Odò Asa kì í ṣe gọ́tà. Láti ìhà gúúsù ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó sì ń forí lé àríwá títí omi rẹ̀ fi ń di ti Odò Ọya. Òun ló la Ìlọrin sí méjì. Ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí ààfin Ẹ́míà àti àwọn agbo ilé wa wà; ní apá ìlà-oòrùn ni GRA àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìgbàlódé wà. Àwọn odò kéékèèké bí Àlùkò ń gbé omi tiwọn wá bá a. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ dáàmù Asa sí, níbi tí wọ́n ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́ fún ìlú mu. Bẹ́ẹ̀, odò yìí níyì débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ odindi ìjọba ìbílẹ̀ kan, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àfọ̀n. Ohun tá a fi sọ orúkọ ìjọba, ohun tá à ń mu, òun náà la tún ń da ìgbẹ́ àti ọ̀rá sí. Hàbà!

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó sọ nù, kò ní wá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tá a rí lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi gbọọrọ, tí òjò náà sì ṣíwọ́ díẹ̀. Ìdílé mẹ́ta ni wá: ìdílé tèmi, ti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà, àti ti àbúrò rẹ̀ tó ti Èkó wá kí wa. Àǹtí wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà bá wa lọ, wọ́n ní àwọn ò ní jókòó ti ilé. A wọkọ̀ jáde kúrò nínú ìlú lọ sí òkè odò, níbi tí ilé ti tán, a sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ àti màlúù ti là sílẹ̀.

Kò sí ohun ìyanu kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó sì dára nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn. A rìn lábẹ́ igi irúgbá àti igi máńgòrò. A rí lékeléke tó funfun báláú lẹ́yìn màlúù. A kí àwọn obìnrin tó ń ro oko ẹ̀fọ́, wọ́n kí wa padà, wọ́n bi wá bóyá ilẹ̀ la wá rà. Nígbà tá a ní ìrìn la kàn ń rìn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. A ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan, a jókòó sórí àpáta, a tú mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ wa. Nígbà tí àwọn ọmọ fẹ́ bọ́ bàtà wọ omi lọ, Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ìgbín kéékèèké máa ń wà nínú omi tí kò yára ṣàn, ara wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde, tí í wọ awọ ẹsẹ̀ lọ, tí ọmọ fi í tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń jẹ́ kí àrùn náà máa yí po ni pé ẹni tó ní i tún ń tọ̀ sínú omi. Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọn ò bá fi wákàtí mẹ́ta kọ́ ní kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà lórí àpáta.

Nǹkan méjì ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, ìyàwó àlejò wa láti Èkó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ń sanwó fún níbí?” Mo ní kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ó ní àwọn ní Èkó, kí ọmọ àwọn tó fojú kan omi, àfi káwọn sanwó ní géètì. Ìkejì, ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ sáàárín Ìlọrin, fa ìbomú yọ látinú àpò ṣòkòtò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń di imú nígbà àrùn Kòrónà. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe. Ó ní, “Dádì, ṣebí ẹ ní etí odò là ń lọ?”

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú olódò, tí wọ́n dárúkọ odò fún, ìbomú ló mú lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ohun tá a fi hàn án ló mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rojú báyìí. Wọ́n á ní, “Oníwèé ìròyìn yìí ti dé o. Àṣà òyìnbó ló fẹ́ kó bá wa. Ta ló ráyè rìn kiri etí odò nígbà tí owó oúnjẹ ń pa èèyàn?” Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Kí òyìnbó tó dé, etí odò ni ibi tí àwọn ìyá wa ti ń pàdé. Wọn kì í dá lọ sódò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ibẹ̀ ni ìyàwó tuntun ti ń mọ àwọn aya ilé yòókù. Ọ̀nà odò wà lára ọ̀nà tí gbogbo ilé máa ń yẹ̀, tí wọ́n ń ro, nítorí pé kò sẹ́ni tí kì í gbà á. Kò sí abúlé tí ẹnì kan á kọ́lé dí ọ̀nà odò, kí baálé má ránṣẹ́ pè é. Èyí tó jẹ́ àṣà àjèjì gan-an ni pé kí èèyàn mọ ògiri dí ọ̀nà odò, kó wá sọ pé ilẹ̀ òun ni. Ní ti owó oúnjẹ, mo gbà pé ó ń dunni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbádùn tó kù láyé yìí, èwo ni kò náni ní kọ́bọ̀ bí kò ṣe ìrìn? Ẹni tí kò lówó ló nílò etí odò jù.

Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà ẹ̀sìn yọ sí mi. Wọ́n á ní ìlú àwọn àfáà ni Ìlọrin, pé ẹni tó bá ń lọ jókòó sétí odò, òrìṣà ló fẹ́ bọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò múná dóko. Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí omi rẹ̀ mọ́ jù gbogbo ìlú lọ, ìlú àwọn àfáà ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ là ń ṣe àlùwàlá. Gbogbo ọmọ ilé kéwú ló mọ̀ pé ìmọ́tótó ò ṣeé yọ kúrò nínú ìgbàgbọ́. Báwo ni èèyàn á ṣe fi omi mímọ́ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kó jáde ní mọ́ṣáláṣí, kó wá ju ọ̀rá ìdọ̀tí láti orí afárá sínú omi tí ẹlòmíràn máa lò nísàlẹ̀? Mo ti rí i lójú ara mi. Ọkùnrin tó jù ú kò wẹ̀yìn.

Lóòótọ́, ní Òṣogbo, òrìṣà ló dáàbò bo odò. Igbó Ọ̀ṣun wà títí dòní nítorí pé àwọn olùbọ rẹ̀ àti Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, kò gbà kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì pín in ní púlọ́ọ̀tì. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa lọ́dún 1965. Lọ́dún 2005, UNESCO fi í sínú àkójọ ibi pàtàkì àgbáyé. Àdùnní ti kú lọ́dún 2009, igbó ṣì wà. Èmi ò ní ká lọ bọ Ọ̀ṣun. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ̀rù òrìṣà bá lè pa odò kan mọ́ ní Òṣogbo, kí ló dé tí ìbẹ̀rù Ọlọ́run Ọba ò lè pa ọ̀kan mọ́ ní Ìlọrin? Àbí àwa tá a sọ pé a mọ Ọlọ́run jù, àwa ló yẹ kí odò wa máa rùn jù?

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà ńbẹ̀.

Ọwọ́ kìíní, tiwa ni. Ìdọ̀tí ilé ni a ń kó sínú gọ́tà tí òjò bá ṣú. Gọ́tà á gbé e fún odò kékeré, odò kékeré á gbé e fún Asa. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Láyé àtijọ́, ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó bá jù ú nù, ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Ìwà ìjùnù náà la ṣì ń hù, ṣùgbọ́n ohun tá à ń jù ti yí padà. Ọ̀rá omi pọ́ọ̀ wọ́tà kan á há sí ẹsẹ̀ afárá, èkejì á há mọ́ ọn, iyanrìn á gbá jọ sí wọn lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ odò á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí ìsàlẹ̀ odò bá ga, omi ò ní ibi tí yóò gbà mọ́ ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń jẹ́ pálọ̀ àwọn aládùúgbò.

Ọwọ́ kejì ni ti àwọn akọ́lé. Òfin ní kí ilé jìnnà sí odò. Gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ sí pùláànù ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rìn gba ẹ̀yìn àwọn ilé tó wà létí omi wa, ẹ wò ó: ṣáláńgá ló kọjú sódò, ilé ìdáná ló kọjú sódò, bàràǹdà àti fèrèsé ńlá kọjú sí títì. Àwọn ọlọ́rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀. Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sétí omi kí ilẹ̀ wọn lè fẹ̀ sí i, wọ́n á sì mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Nígbà kan, èmi àti àwọn ọmọ mi ń tọ etí omi kan lọ láàárín ìlú, a kan ògiri ilé ìgbafẹ́ kan gbàǹgbà. Máígáàdì ní ká yí padà, pé àwọn oníbàárà nìkan ló lè gba ibẹ̀. Mo ní ṣé ọ̀gá rẹ̀ ra omi náà ni? Ó ní òun ò mọ̀, pé wọ́n ní kóun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá ni. Kò sọ̀rọ̀ àrífín sí mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ ka ìwé yìí.

Ọwọ́ kẹta ni ti àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn. Kì í ṣe òfin la ò ní nílẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko lọ́dún 1988, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 2007, wọ́n dá NESREA sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ náà ṣe. Òfin wà, ọ́fíìsì wà, àwọn òṣìṣẹ́ wà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ti bu omi Asa lọ yẹ̀ wò láìmọye ìgbà, wọ́n ti kọ̀wé lé e lórí pé omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti ti ilé gbígbé ń bà á jẹ́. Ibo ni èsì wọn wà? Inú láíbìrì ni. Ìyá tó ń fi omi náà rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí èmi àtẹ̀yin ń rà jẹ, ṣé ó mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ta ló sọ ọ́ fún un ní èdè tó gbọ́?

Mo ṣèlérí pé mo máa fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ rántí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ìlú, ó pa èèyàn tó lé ní 100, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò. Ògùnpa ńkọ́? Odò kékeré ni, odò tí èèyàn lè fò kọjá láwọn ibì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó sọ ọ́ di apààyàn ni pé wọ́n kọ́lé sún mọ́ ọn, wọ́n sì dalẹ̀ sí i. Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya Ìbàdàn, ó tún pa èèyàn tó lé ní 100. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ọ̀yọ́ rí ètò ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 owó dọ́là gbà láti ọ̀dọ̀ Báǹkì Àgbáyé lọ́dún 2014, láti fi tún ọ̀nà omi ìlú náà ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí wọn ì bá fi ọwọ́ àti òfin dá dúró lọ́fẹ̀ẹ́, gbèsè ńlá ni wọ́n fi ń tún un ṣe, àwọn òkú ò sì jí. Èyí tó ṣe ojú ló ń ṣe imú. Ẹni tó bá rò pé Ìlọrin ò lè di Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, kó lọ dúró lórí afárá lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀.

Ọmọ Ìlọrin ló sì yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ológun Buhari gbé ogun ti ìwà ìbàjẹ́ dìde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní WAI, ta ni igbákejì rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín? Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni. Ìmọ́tótó àyíká wà lára ogun náà. Èmi ò ní ká dá ṣọ́jà àti pàṣán padà, nítorí ìmọ́tótó tí pàṣán bá bí, ọjọ́ tí pàṣán bá lọ ló ń kú. Àwa tá a rántí Sátidé ìgbálẹ̀ náà mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀: a ó wa ẹrẹ̀ inú gọ́tà, a ó kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, a ó wẹ̀, a ó jẹun. Kò sí ọkọ̀ tó wá kó o. Òjò ọjọ́ kejì á gbá a padà síbi tó ti wá. Iṣẹ́ la ṣe, ṣùgbọ́n odò ò mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé odò tó ti bàjẹ́ ò ṣeé tún ṣe mọ́. Lọ́dún 1858, odò Thames tó gba àárín Lọ́ńdọ̀nù kọjá ń rùn débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó wà létí omi kò ṣeé jókòó sí; wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú oògùn bo fèrèsé, pàbó ló já sí. Kíá ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí. Àwọn tálákà ti ń gbóòórùn náà tipẹ́, ìgbà tó dé imú aṣòfin ni owó jáde. Odò náà tún bàjẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́dún 1957, àwọn onímọ̀ kéde pé ó ti kú, pé kò sí ohun abẹ̀mí tó lè gbé àárín rẹ̀. Wọn ò ka ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tó fi máa di ọdún 1974, ẹja salmon ti tún yọjú nínú rẹ̀. Ní Seoul, ní Kòríà, kọnkéré ni wọ́n fi bo odò kan tó ń jẹ́ Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, wọ́n tún gbé títì mọ́tò gba òkè rẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó títì náà. Lọ́dún 2005, wọ́n ṣí odò náà sílẹ̀ padà, bíi kìlómítà mẹ́fà, pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lónìí, ìyá àti ọmọ ń rìn níbẹ̀ lálẹ́. Ṣé orí méjì ni wọ́n ní?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù nìyí. Ẹni tó lówó kò nílò Odò Asa. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á wakọ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ rẹ̀ á lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí wọ́n fi oògùn sí. Bí ìsinmi bá dé, á lọ sí Dubai. Ọmọ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, ọmọ tíṣà, níbo ni wọ́n ń lọ lóṣù Kẹjọ? Inú yàrá ni, ojú wọn á wà lára fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, a ó wá máa pariwo pé àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀wàá hù. Etí odò ni gbàgede tálákà. Ẹni tó bá gbà á, tálákà ló jà lólè, ìbáà jẹ́ pé ìwé àṣẹ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì da ìdọ̀tí sí i, ìbáà jẹ́ tálákà fúnra rẹ̀, ọmọ ara rẹ̀ ló ja lólè.

Kí wá ni mo fẹ́? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé pátákó ńlá síbẹ̀ kó wá kọ orúkọ gómìnà sí i lára. Ohun tí mò ń béèrè kéré, ó sì ṣeé ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín Ìlọrin: ti Ìwọ̀-oòrùn, ti Ìlà-oòrùn àti ti Gúúsù. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀, kí wọ́n gbé òpó sílẹ̀ láti fi ààlà etí odò hàn, kí gbogbo èèyàn lè fojú rí ibi tí ilé kò gbọ́dọ̀ dé mọ́. Kí wọ́n mú afárá méjì péré láàárín ìlú, kí wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láàárín wọn, ní apá kan odò, kí wọ́n gbin igi sí i. Bí ìyẹn bá yọrí, ká tún mú méjì mìíràn. Kí wọ́n gbé dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí síbi tí ọkọ̀ lè dé, kí ọkọ̀ sì máa wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Kò bójú mu láti máa mú ìyá arúgbó pé ó da ilẹ̀ sódò nígbà tẹ́ ò fi ibi tí yóò dà á sí hàn án. Kí wọ́n máa yẹ omi tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ní Yorùbá, kí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lè kà á. Ní ti àwọn tó ti kọ́lé sínú ọ̀nà omi tipẹ́, tí tálákà wà láàárín wọn, kí wọ́n má ṣe fi katakátá lé wọn lóru. Kí wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn kó tó di pé wọ́n ní kí wọ́n dìde. Ẹni tó fi fẹ́ǹsì dí ọ̀nà ní tirẹ̀, ògiri nìkan ni yóò wó, kò sẹ́ni tó ń sùn nínú fẹ́ǹsì.

Tiwa náà wà ńbẹ̀. Kí lèmámù àti pásítọ̀ fi Jímọ̀ kan àti Sunday kan sọ̀rọ̀ odò. Kí àwọn tíṣà mú ọmọ kíláàsì wọn lọ wò ó. Kí ìwọ tó ń ka ìwé yìí dáwọ́ dúró, má ju ọ̀rá yẹn. Bí oṣù Kẹjọ bá sì tún dé, kó ìdílé rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ jọ, ẹ di mọ́ínmọ́ín yín, ẹ rìn lọ sétí odò, ẹ̀yin èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí máígáàdì bá dá yín dúró, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ìbéèrè tí mo bi í. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́, koríko kì í hù ú, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó mọ ògiri sí i.

Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí àwọn tó fẹ́ kí ẹ dìbò fún wọn á tún wá. Wọ́n á gbé tẹ́ǹtì, wọ́n á gbé gbohùngbohùn wá, wọ́n á béèrè ibi tí wọ́n lè ti bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ mú wọn lọ sétí Odò Asa, láàárín ìlú, níbi tó ti dọ̀tí jù. Ẹ to àga sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá di imú, ẹ má bú wọn, ẹ sì má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, pé ẹ̀ ń gbọ́.